Máòsì tuntun tí kọ̀ǹpútà kò dá mọ̀: Ohun tí ṣọ́ọ̀kì olùkọ́ ilẹ̀ Ashanti kò lè yà

Máòsì kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá fi ṣọ́ọ̀kì yà sára pátákó kì í bàjẹ́. Bátìrì rẹ̀ kì í tán, kọ̀ǹpútà tí wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í sì í sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ọjọ́ tí ojúlówó rẹ̀ bá dé ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ ń di iṣu ata yán-an yàn-an.

Gbogbo ayé ló rí irú máòsì aláṣọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2018. Ní Sekyedomase, ìlú kan ní apá àríwá Kumasi, ní ilẹ̀ Ashanti lórílẹ̀-èdè Ghana, ni ó ti ṣẹlẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Betenase M/A Junior High School. Richard Appiah Akoto ni orúkọ olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó ń jẹ́ lórí Facebook, ìyẹn Owura Kwadwo Hottish, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 2011 ni ilé ẹ̀kọ́ yìí kò ti ní kọ̀ǹpútà kankan, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè lórí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sì wà nínú ìdánwò BECE tí àjọ WAEC ń ṣe fún àwọn ọmọ náà, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó lè tẹ̀ síwájú. Kí ni olùkọ́ yóò ṣe? Ó mú ṣọ́ọ̀kì aláràbarà, ó sì ya gbogbo ojú ìwé Microsoft Word sára pátákó, àtàwọn àmì kéékèèké tó wà lókè rẹ̀ àti gbogbo igun rẹ̀, láìku ẹyọ kan. Àwọn ọmọ náà sì ń yà á sínú ìwé wọn.

Nígbà tí àwọn oníròyìn bi í, ó ní kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ òun nìyẹn. Ó ti ya ojú kọ̀ǹpútà, ó ti ya kíbọ́ọ̀dù, ó sì ti ya máòsì pẹ̀lú.

Fọ́tò tí ó gbé síta tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Rebecca Enonchong, obìnrin oníṣòwò ìmọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Cameroon, pe àkíyèsí ilé iṣẹ́ Microsoft sí i. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, Microsoft gbé Akoto lọ sí Singapore, níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní Education Exchange, àwọn èrò ìpàdé sì dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Yunifásítì Leeds kan fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà NIIT tó wà ní Ghana sì gbé kọ̀ǹpútà márùn-ún wá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ibẹ̀ ni inú gbogbo ènìyàn ti dùn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti pa ìwé ìròyìn dé. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ olùkọ́ kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀, níbikíbi tí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ bá dé. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọmọ 50 ni ó wà ní kíláàsì kan, tí kọ̀ǹpútà wọn sì jẹ́ márùn-ún. Ọmọ 10 ni yóò máa rọ́ mọ́ ara wọn nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí máòsì kan ṣoṣo bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tí olùkọ́ kò sì mọ ohun tí yóò ṣe sí i, kọ̀ǹpútà kan ti lọ nìyẹn. Ọmọ 10 yóò tú ká sórí mẹ́rin tó kù, àwọn tí kò lágbára láti ti ẹlẹgbẹ́ wọn sẹ́yìn yóò sì padà sí ibi tí wọ́n wà látẹ̀yìnwá: wọn yóò máa wo kọ̀ǹpútà láti òkèèrè bí ẹni ń wo àwòrán ara pátákó.

Ohun tí ó ń dun ni níbẹ̀ ni pé, nínú ọ̀pọ̀ irú wàhálà yìí, kò sí ohun tó ṣe máòsì náà rárá.

EKU TÍ WỌ́N GÉ ÌRÙ RẸ̀

Eku ni ìtumọ̀ orúkọ tí òyìnbó fún ohun èlò yìí. Douglas Engelbart, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ni ó ronú kàn án. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Bill English, sì ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1964 ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Stanford Research Institute ní California. Àpótí igi kékeré ni. Kẹ̀kẹ́ irin méjì wà ní abẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀, wáyà sì jáde lára rẹ̀ bí ìrù. Nítorí ìrù yìí ni wọ́n ṣe ń pè é ní eku. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1968, Engelbart fi í han àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ níbi ìpàdé wọn ní San Francisco, ó sì gba ìwé àṣẹ ìjọba lé e lórí ní 1970.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí máòsì tuntun aláìníwáyà fi ń ṣe agídí, iṣẹ́ tí ìrù náà ń ṣe ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iṣẹ́ méjì ni. Ìrù yìí ni ó ń gbé iná mànàmáná láti ara kọ̀ǹpútà wá fún máòsì, òun náà ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ máòsì padà lọ fún kọ̀ǹpútà. Ní 1991 ni ilé iṣẹ́ Logitech gbé máòsì kan jáde tí ó ń fi ìgbì rédíò sọ̀rọ̀ dípò wáyà. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń gé ìrù eku. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gé ìrù gbọ́dọ̀ fi nǹkan mìíràn rọ́pò iṣẹ́ tí ìrù ń ṣe. Bátìrì ni ó rọ́pò ọ̀nà iná. Ìgbì rédíò ni ó rọ́pò ọ̀nà ọ̀rọ̀. Ẹnu wà lára máòsì, etí sì gbọ́dọ̀ wà lára kọ̀ǹpútà tí yóò gbọ́ ohun tí ẹnu ń sọ. Etí ọ̀hún ni nǹkan kékeré bí èékánná àtàǹpàkò tí wọ́n ń kì bọ ihò USB, tí àwọn òǹtajà ń pè ní dongle. Nínú máòsì onírú kejì, tí ó ń lo Bluetooth, etí náà ti wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kò sì sí dongle kankan.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta péré ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́: ṣé iná wà lára máòsì? Èkejì: ṣé etí ń gbọ́ ohun tí ẹnu ń sọ? Ẹ̀kẹta: ṣé kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ sí i? Ẹni tí ó bá tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà yìí yóò bọ́ nínú wàhálà. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè yóò ṣe làálàá lásán.

OHUN TÓ RỌRÙN JÙ NI WỌ́N Ń KỌ́KỌ́ WÒ

Kumasi kò ṣàì mọ ẹ̀kọ́ yìí. Níbẹ̀ ni Suame Magazine wà, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò mẹkáníìkì tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, tí wọ́n sì ń rọ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò yìí ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí Yunifásítì KNUST tó wà ní ìlú náà fi lọ dá ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Suame ní 1980. Mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ kì í tú ẹ́ńjìnnì mọ́tò palẹ̀ kó tó wò ó bóyá epo wà nínú táǹkì. Bí ó ṣe yẹ kí wọ́n fọwọ́ mú máòsì náà nìyẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Iná ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Nínú ọ̀pọ̀ máòsì tuntun, ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan dí ojú bátìrì kí ó má baà tán lórí ìrìn. Bí wọn kò bá fa ọ̀rá yìí yọ, máòsì kò lè jí. Nínú òmíràn, bátìrì wà lọ́tọ̀ nínú páálí, ẹni tó rà á ni yóò fi í sí i fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì da orí rẹ̀ rú, tí ó gbé orí síbi tí ìdí yẹ kó wà, asán ló ṣe. Kí wọ́n yí máòsì dojú dé, kí wọ́n wo bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n fi ń tàn án ní abẹ́ rẹ̀, nítorí pípa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń wà nígbà tí wọ́n bá ń ti ilé iṣẹ́ bọ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yọ bátìrì tó bá a wá, kí wọ́n fi èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ lára nǹkan mìíràn dán an wò. Bátìrì tí ó ti pẹ́ nínú páálí nínú ooru ṣọ́ọ̀bù lè ti rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Bí ó bá jẹ́ oríṣi èyí tí wọ́n ń gba iná sí ni, kí wọ́n jẹ́ kí ó gba iná dáadáa kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Àwọn kan máa ń wo abẹ́ máòsì, bí wọn kò bá rí iná pupa, wọn a ní ó ti kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ máòsì òde òní ń lo oríṣi iná tí ojú ènìyàn kò lè rí. Iná pupa tó bá tàn jẹ́ ẹ̀rí pé máòsì wà láàyè. Àìsí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti kú.

ṢÉ ETÍ Ń GBỌ́ ẸNU?

Bí iná bá wà, ó kan etí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ níbí ni pé ẹni tó ra máòsì kò mọ irú èyí tí ó rà. Yóò máa wá dongle kiri nígbà tó jẹ́ pé oní-Bluetooth ni, tàbí kí ó máa dúró de kọ̀ǹpútà kí ó dá a mọ̀ nígbà tí dongle ṣì wà nínú ikùn máòsì. Bẹ́ẹ̀ ni o, inú ikùn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń tọ́jú rẹ̀ sí. Àwọn mìíràn ń kì í sínú páálí. Bí ènìyàn bá ti ju páálí nù kí ó tó yẹ inú rẹ̀ wò, etí ti bá pàǹtí lọ nìyẹn.

Kò sì ṣeé ṣe láti lọ yá dongle tí ó jẹ́ ti máòsì mìíràn. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti so ẹnu kan mọ́ etí kan, èyí tó jẹ́ ti Kòfí kò ní gbọ́ ti Kwame, bí wọn ì báà tilẹ̀ jọ ara wọn bí ìbejì. Àwọn kan wà tí wọ́n yàtọ̀: láti 2009 ni Logitech ti ń ṣe dongle kan tí wọ́n ń pè ní Unifying, tí ẹyọ kan rẹ̀ lè gbọ́ ohùn nǹkan mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ètò ilé iṣẹ́ náà láti so wọ́n pọ̀. Bí àmì rẹ̀ kò bá sí lára máòsì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbìyànjú rẹ̀.

Bí dongle bá wà nínú ihò USB tí kọ̀ǹpútà kò sì mira, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n kì í bọ ihò mìíràn. Ihò tí ó wà lára kọ̀ǹpútà gan-an ni kí wọ́n lò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ ihò kan di mẹ́rin máa ń pín iná láàárín àwọn nǹkan tó wà lára rẹ̀, òmíràn nínú wọn kì í sì í rí iná tó. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ìgbì tí máòsì fi ń sọ̀rọ̀ wà ní àyíká gigahertz 2.4, ojú ọ̀nà kan náà tí Wi-Fi àti Bluetooth ń gbà. Ní 2012, ilé iṣẹ́ Intel ṣàlàyé pé àwọn nǹkan tí wọ́n ń so mọ́ ihò USB 3.0, èyí tó sáré ju ti àtijọ́ lọ, máa ń pariwo sórí ọ̀nà yìí gan-an. Bí dongle bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Kí wọ́n gbé dongle jìnnà sí i, tàbí kí wọ́n fi wáyà USB kúkúrú fà á jáde wá sí iwájú. Bí kọ̀ǹpútà bá sì jẹ́ onílé gíga tí ó wà lábẹ́ tábìlì irin, kí wọ́n gbé dongle wá síwájú rẹ̀ dípò ẹ̀yìn.

Ti Bluetooth yàtọ̀. Àtẹ̀mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ máòsì, kí wọ́n sì dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ títí iná rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́jú kíákíá. Ìgbà náà ni yóò tó jẹ́ kí ara ìta rí òun. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá inú ètò kọ̀ǹpútà, tí wọn yóò ní kí ó wá nǹkan tuntun. Bí wọ́n bá ti so máòsì náà mọ́ kọ̀ǹpútà yìí rí, kí wọ́n kọ́kọ́ pa orúkọ àtijọ́ rẹ̀ rẹ́. Òmíràn nínú wọn ní ọ̀nà mẹ́ta, kí ó baà lè bá kọ̀ǹpútà mẹ́ta ṣiṣẹ́. Bí nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ bá wà ní 2 nígbà tó jẹ́ pé 1 ni wọ́n fi so ó, ẹlòmíràn ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

BÍ Ọ̀RỌ̀ BÁ DÓJÚ KỌ̀ǸPÚTÀ

Ìdánwò kan wà tí ó ń dá ẹjọ́ yìí láìṣojúsàájú, kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kí wọ́n gbé máòsì àti dongle rẹ̀ lọ sí ìdí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn máòsì, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n tọ́jú. Bí kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ bátìrì wò, máòsì ni ó lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ owó ni ó ń bọ́ sínú omi nítorí pé wọn kò ṣe ìdánwò yìí: ẹlòmíràn a ra máòsì mẹ́ta tẹ̀ léra, tó sì jẹ́ pé ihò USB rẹ̀ ni ó ti kú.

Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì tún un tàn. Ènìyàn lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà bá ń tún jí, yóò tún gbogbo nǹkan tó wà lára rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè ka èyí tó fò tẹ́lẹ̀.

Bí ìyẹn kò bá ràn án, ìbéèrè tí ó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn dé: báwo ni wọn yóò ṣe wọ inú kọ̀ǹpútà lọ tún máòsì ṣe nígbà tí kò sí máòsì? Kíbọ́ọ̀dù ni ìdáhùn. Lórí Windows 10 tàbí 11, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì Windows pọ̀ mọ́ X, kí wọ́n sì tẹ M. Ìwé tí kọ̀ǹpútà kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ ara rẹ̀ sí, tí wọ́n ń pè ní Device Manager, yóò ṣí sílẹ̀. Bọ́tìnnì Tab àti àwọn ọfà ni wọn yóò máa fi rìn nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá dé orí orúkọ máòsì, tí wọ́n rí àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò lára rẹ̀, kí wọ́n tẹ Shift pọ̀ mọ́ F10, kí wọ́n yan Uninstall device, kí wọ́n sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Yóò gbàgbé ohun tó mọ̀ ní àmọ̀rú, yóò sì tún un mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ní apá tí nọ́ńbà wà lọ́tọ̀ tún lè tẹ Alt àti Shift ti ọwọ́ òsì pọ̀ mọ́ Num Lock, kí ó sì gbà nígbà tí kọ̀ǹpútà bá bi í. Àwọn nọ́ńbà yẹn ni yóò máa darí ọfà ojú kọ̀ǹpútà títí máòsì yóò fi dé.

Ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí wọ́n máa sáré kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì láti wá ètò tí wọ́n ń pè ní dráífà. Èdè gbogbogbòò kan wà tí ọ̀pọ̀ máòsì ń sọ, Windows sì ti gbọ́ èdè náà láti ilé. Máòsì kékeré lásán kì í sábà nílò ju ìyẹn lọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣèlérí dráífà ọ̀fẹ́ fún gbogbo ẹ̀rọ, ibẹ̀ náà ni àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń dẹ pàkúté. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ni èkúté-ilé fi ń pe ológbò níjà.

Àìsàn kan tún wà tó jọ èyí, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun. Bí kọ̀ǹpútà bá dá máòsì mọ̀, tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ọfà kò rìn, kí wọ́n wo ohun tí wọ́n gbé e lé. Ojú kékeré kan wà lábẹ́ máòsì tí ó ń ya àwòrán ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó sì ń fi àwòrán wọ̀nyí mọ ibi tí ọwọ́ ń lọ. Lórí tábìlì gíláàsì tàbí ohun tó ń dán bíi dígí, kò rí nǹkan kan dì mú. Ìwé lásán kan tí wọ́n bá tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ti tó.

KÍ WỌ́N TÓ SAN OWÓ, KÍ WỌ́N TÓ JÙ Ú NÙ

Kumasi kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún ọmọ Yorùbá. Kí ìjọba Kofi Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ẹjìgbò àti Ọ̀fà ni wọ́n ń pàtẹ ní àwọn ọjà ilẹ̀ Ghana. Oníṣòwò tó bá mọ ọjà kì í gbé e kúrò ní ìsọ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìwà yìí yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ra máòsì ní Adum lónìí, tàbí ní Ìkẹjà, tàbí ní Ìbàdàn. Kí ó ní kí òǹtajà tú páálí, kí ó dán an wò lójú òun, kí ó fi dongle hàn án, kí ó sì gba rìsíìtì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìsọ̀ sàn ju owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ láti ìlú tó jìnnà bíi Sekyedomase.

Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún ọjà tí kò ní ìran. Ní 2016, ilé iṣẹ́ aláàbò kan ní Amẹ́ríkà, Bastille, fi hàn pé àwọn dongle kan wà, títí kan ti àwọn ilé iṣẹ́ tó lórúkọ, tí ẹni tó wà ní nǹkan bíi mítà 100 lè máa dọ́gbọ́n tẹ ọ̀rọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà olówó. Àwọn ilé iṣẹ́ kan gbé àtúnṣe jáde lẹ́yìn rẹ̀. Dongle tí ènìyàn bá rí he nílẹ̀, kí ó má ṣe kì í bọ kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Jíjù nù náà kì í ṣe ohun kékeré. Ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé pàǹtí ẹ̀rọ tó ń lo iná tó 62 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ní ọdún 2022, èyí tí wọ́n sì lè tọ́ka sí pé wọ́n kó jọ tí wọ́n tún lò bó ṣe yẹ kò ju ìdá 22.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ghana mọ ìrora yìí. Agbogbloshie ní Accra di ibi tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń sun wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀, kí ìjọba tó wó ibi ìtajà àlòkù irin náà ní oṣù keje ọdún 2021. Láti 2016 ni òfin kan, Act 917, ti wà lórí irú pàǹtí bẹ́ẹ̀. Máòsì kékeré tí kò ṣe nǹkan kan, tí wọ́n jù nù nítorí pé wọn kò fa ọ̀rá ojú bátìrì rẹ̀ yọ, ó ń fi kún òkìtì yìí.

OHUN TÓ YẸ KÍ ILÉ Ẹ̀KỌ́ ṢE

Ìyìn tí wọ́n fún olùkọ́ Sekyedomase tọ́ sí i. Ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìrísí kọ̀ǹpútà nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìrísí nìkan kò tó fún ọmọ tó bá máa fi kọ̀ǹpútà jẹun. Ọmọ tó mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara mọ́tò, tí kò mọ ohun tí yóò ṣe bí mọ́tò bá kú sójú ọ̀nà, èrò ọkọ̀ ni, kì í ṣe awakọ̀.

Àwọn tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, yálà ní ilẹ̀ Ashanti tàbí ní ilẹ̀ Yorùbá, lè ṣe nǹkan mẹ́ta tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Kí wọ́n fi máòsì oníwáyà kan kún ẹ̀bùn wọn fún yàrá kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Kì í nílò bátìrì, kì í sọ etí nù, òun náà ni wọn yóò sì fi mọ̀ bóyá ihò USB ṣì wà láàyè. Kí wọ́n fi bátìrì díẹ̀ tí ó dára ti ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn máa wá ìdí ohun tó bá kọṣẹ́, kí olùkọ́ dúró tì wọ́n, kí ó má ṣe gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ilé ẹ̀kọ́ tí kò tilẹ̀ tíì rí kọ̀ǹpútà gbà lè bẹ̀rẹ̀ lónìí pẹ̀lú. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn, ti iná, ti etí àti ti èdè, kò gba àyè púpọ̀ lára pátákó. Ọmọ tí ó bá ti mọ̀ wọ́n sórí kí kọ̀ǹpútà tó dé, kò ní sá sẹ́yìn nígbà tí máòsì tuntun bá dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò yí i dojú dé, yóò sì wo ibi tí bátìrì wà.